Ẹ Jẹ́ Kí Ọwọ́ Àwọn Ọmọ Wa Kan Nǹkan Nínú Ìsinmi Yìí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi kọ lẹ́tà yìí láti Òkè-Àdó, nílùú Ìbàdàn, lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọn kò tí ì pé ọdún 6, àti ohun tí wọn yóò máa fi ọwọ́ wọn ṣe nínú ilé ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tí ó kù sí dẹ̀dẹ̀ yìí. Iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, mo sì rò pé ojú ewé ìwé ìròyìn yín, tí àwọn ìyá àti bàbá ń kà ní èdè wa, ni ó yẹ kí n ti sọ ọ́.

Bí oṣù Keje bá ti parí, tí òjò ń rọ̀, tí ilé ìwé sì ti wọ ìsinmi, inú iyàrá ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ń wà láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Àgbàlá tí àwa fi ṣeré nígbà èwe wa kò sí mọ́ nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń kọ́ sí Akọ́bọ̀, Mọ́níyà àti Ológunẹ́rù. Kọnkéré ni wọ́n dà bo ilẹ̀ títí dé ẹnu géètì. Ìyá ti lọ sí ọjà, bàbá ti lọ sí ibi iṣẹ́, ẹni tí wọ́n fi ọmọ tì a sì gbé fóònù lé e lọ́wọ́ kí ó lè rí ààyè ṣe iṣẹ́ ilé. Bí ọmọ bá sunkún, wọn a fún un ní bísíkíìtì. Bí ó bá tún sunkún, wọn a ṣí ẹlẹ́rìndòdò fún un. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde pé kò yẹ kí a gbé ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 1 sí iwájú fóònù tàbí tẹlifíṣàn rárá, pé ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí 1 lọ nídìí rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, àti pé ó kéré tán, wákàtí 3 ni ó yẹ kí ọmọ tí ó ti lé ní ọdún 1 máa fi rìn, kí ó máa fi sáré, kí ó sì máa fi ara ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Ẹ wo ilé tí ó sún mọ́ yín, kí ẹ wá sọ fún mi bí iye ọmọ tí ìlànà yìí bá mu ṣe pọ̀ tó.

N kò kọ̀wé láti bá òbí kankan wí, nítorí mo mọ bí ìlú ṣe le. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé eré tí ń kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n ti wà nínú iṣẹ́ ilé tí a ń ṣe lójoojúmọ́. A kò nílò láti lọ ra nǹkan ìṣeré oníke olówó gọbọi ní Dùgbẹ̀ kí ọmọ tó lè rí eré ṣe. Kí a fàyè gbà á kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan omi, ìyẹ̀fun, ewé àti aṣọ, kí àgbà kan sì jókòó tì í, tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀wà bíbó ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ta ni kì í jẹ àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín nílùú yìí? Bí ìyá bá ti rẹ ẹ̀wà sómi títí èèpo rẹ̀ fi dẹ̀, kí ó bu díẹ̀ sínú báàfù kékeré fún ọmọ ọdún 3 tàbí 4, kí ó da omi lé e, kí ó sì fi hàn án bí a ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á. Ọmọ-ọmọ mi tí ó wà lọ́dọ̀ mi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba báàfù yìí lọ́wọ́ òun. Á ra ẹ̀wà náà títí, èèpo á léfòó, ẹ̀wà á rì sísàlẹ̀, á fi ajere kó èèpo kúrò, á bu omi mìíràn sí i, á tún bẹ̀rẹ̀. Fúnra rẹ̀ ni ó rí i pé èèpo kì í rì àti pé ẹ̀wà kì í léfòó. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sí ojú pátákó fún un. Nígbà tí ó bá ń ṣa ẹ̀wà funfun sínú abọ́, á máa kà á sókè: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ibi tí kò bá mọ̀, á wo ojú mi, èmi náà á sì gbe é. Àwọn iṣan ìka tí ó fi ń bó ẹ̀wà yìí gan-an ni yóò fi di pẹ́ńsù mú lọ́la. Mo ti rí ọmọ púpọ̀ tí wọ́n mú wá sí ilé ìwé ní ọmọ ọdún 4, tí ó lè fi ìka kan tẹ ojú fóònù láti àárọ̀ di ọ̀sán, ṣùgbọ́n tí kò lè de bọ́tìnnì aṣọ ara rẹ̀, tí kò sì lè fún kàn-ìn-kàn-ìn gbẹ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ya ọ̀lẹ, kò sì ya dìndìnrìn. A kò kàn jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe ni.

Èkejì tí n kò lè má mẹ́nu bà ni sítáàṣì, èyí tí a ń rí lára ẹ̀gẹ́, tí àwọn alágbàfọ̀ ń lò kí aṣọ lè dúró. Ẹ gba ìwọ̀n sítáàṣì gbígbẹ ife 2, kí ẹ rọra máa po omi tútù mọ́ ọn títí yóò fi tó bí ife 1. Ẹ má gbé e kaná o, tútù ni kí ó wà. Bí ọmọ bá fi ìka gún un lójijì, á le gbagidi bí ẹni pé ìka kan pákó. Ṣùgbọ́n bí ó bá rọra ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ á wọlé wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí a ki ọwọ́ bọ omi. Bí ó bá bù ú, tí ó sì fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, á di òkúta. Kété tí ó bá la ọwọ́, òkúta náà á yọ́, á sì máa ṣàn gba àárín ìka rẹ̀ padà sínú abọ́. Ohun tí ó fà á ni pé hóró sítáàṣì kéékèèké fún mọ́ ara wọn nínú omi náà: bí a bá fi ipá tẹ̀ wọ́n lójijì, wọn kò rí ààyè yẹra fún ara wọn, wọn a sì há, bí a bá sì ṣe é jẹ́jẹ́, omi tí ó wà láàárín wọn a jẹ́ kí wọ́n yọ̀ kọjá lára ara wọn. Kò pọn dandan kí ọmọ ọdún 3 gbọ́ àlàyé yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò bèèrè, ó sì dára kí ìyá tàbí bàbá mọ ohun tí yóò fi dá a lóhùn. Nígbà tí eré bá parí, ẹ má da sítáàṣì náà sínú ihò omi ìdáná, nítorí yóò dí i. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ sínú abọ́, kí ẹ sì há a dànù.

Ìyẹ̀fun pípò náà rọrùn. Ife fùláwà 2, ìdajì ife iyọ̀, ṣíbí ọbẹ̀ òróró 2, àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tí a ń bù sí i díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà ṣàn. Ẹ pò ó títí kò fi ní í lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ọmọ á fi mọ ejò, á fi mọ ìkòkò, á fi mọ ẹni tí ó wù ú. Bí a bá fi sínú ike tí ó ní ìdérí, tí a sì gbé e sínú fíríìjì, yóò tó lò fún ọjọ́ púpọ̀. Mo mọ̀ pé owó fùláwà ti ga, nítorí náà bí ẹ bá ní èyí tí kòkòrò ti wọ̀ tí a kò lè fi ṣe oúnjẹ mọ́, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ fi ṣe èyí. Kí a kìlọ̀ fún ọmọ pé kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún kíndìnrín ọmọdé, fùláwà tí iná kò sì tí ì kàn lè ní kòkòrò àìfojúrí tí ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọ tí ó ṣì ń ki gbogbo nǹkan bọ ẹnu kò tí ì tó eré yìí ṣe. Ẹ fún òun ní omi àti ife, ó tó o.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni mo fẹ́ fi ara balẹ̀ sọ. Ìlú yìí ni ìlú àdìrẹ, tí àwọn ìyá wa fi òpó Gbọ̀ngàn Màpó ya ọnà sí ara aṣọ tí wọ́n pè ní Ìbàdàn Dùn, tí òkìkí rẹ̀ kàn yíká ayé. Ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ̀kọ làfún ni wọ́n ń ti ìyẹ́ náà bọ̀, nítorí ibi tí ẹ̀kọ bá bò kò ní í mu aró. Kí ló dé tí ọmọ tí wọ́n bí sí Òkè-Àdó tàbí Bẹẹrẹ kò fi ní í mọ èyí títí yóò fi dàgbà? Ọmọ ọdún 4 lè ṣe é. Kí àgbà ro làfún díẹ̀ lórí iná kí ó ki bí ògì tí ó nípọn, kí ó jẹ́ kí ó tutù pátápátá, kí ó wá tẹ́ àkísà aṣọ funfun kan sórí páálí, kí ó sì fi ìyẹ́ adìyẹ tí a ti fọ̀ tàbí ọwọ́ ìgbálẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́. Ohun tí ọmọ bá yà ni kí a gbà; bí ó bá ní ẹja ni, ẹja ni. Ẹ sá a sí oòrùn títí ẹ̀kọ náà yóò fi gbẹ gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ rẹ ewé sobo sínú omi gbígbóná, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ọmọ fi kàn-ìn-kàn-ìn kékeré rin omi pupa náà sí gbogbo ojú aṣọ. Nígbà tí ó bá gbẹ, kí a ha ẹ̀kọ náà kúrò: ilà funfun tí ọmọ yà yóò hàn láàárín pupa. Àwọ̀ sobo kì í pẹ́ lára aṣọ bí ti ẹ̀lú, fífọ̀ ni yóò fi ṣí, nítorí náà ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ gbé e kọ́ sí ara ògiri níbi tí àlejò yóò ti rí i.

Omi sobo yìí kan náà ní àrà mìíràn nínú. Ẹ bu ú sínú ife mẹ́ta tí a lè rí inú rẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan, yóò pọ́n yòò. Kí àgbà kán omi káún díẹ̀ sínú èkejì, yóò di aró, yóò sì máa lọ sí àwọ̀ ewé bí káún bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọmọ lè fi wé àwọn yòókù. Àtalẹ̀ pupa náà ń ṣe irú rẹ̀: bí omi ọṣẹ bá kan ibi tí ó ti ta sí aṣọ, á yí padà di pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ewé igi tíìkì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, bí a bá fi ọwọ́ ra á, á sọ àtẹ́lẹwọ́ di pupa fòò, ọmọ á sì fi tẹ àwòrán ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́. Nínú gbogbo èyí, kí àgbà máa dárúkọ nǹkan ní èdè wa bí ó ti ń ṣe é: dúdú, funfun, pupa, ó yọ̀, ó há, ó ki, ó ṣàn. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 6 gbáko, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3 lọ. Bí ó bá ṣeé ṣe nínú kíláàsì ìṣirò, kò lè ṣòro nídìí abọ́ sítáàṣì.

Ti agolo àti páálí, n kò ní í pẹ́ níbẹ̀, nítorí àwọn bàbá mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n kàn gbàgbé ni. Agolo sadín-ìn tí a fi àjákù sálúbàtà gé ẹsẹ̀ fún di ọkọ̀. Ike omi tí a da ìrẹsì díẹ̀ sí, tí a sì fi gúlù lẹ ìdérí rẹ̀ pa, di ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Páálí ńlá tí a fi ra ẹ̀rọ di ilé tí ọmọ ń wọ̀ tí ó ń jáde. Kí bàbá fi òòlù tẹ ẹnu agolo mọ́lẹ̀ kí ó má baà gé ọmọ lọ́wọ́, kí ó sì ṣe é lójú ọmọ, nítorí ọmọ a máa fẹ́ràn ọkọ̀ tí ó rí bí wọ́n ṣe ṣe é ju èyí tí wọ́n rà fún un lọ.

Nísinsin yìí, mo bẹ gbogbo òbí pé kí wọ́n fi etí sí ọ̀rọ̀ ewu. Ohunkóhun tí ó bá kéré débi tí ó lè wọ ọ̀fun ọmọ kì í ṣe ohun ìṣeré fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 3: ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀wà tútù, hóró àgbálùmọ̀, bọ́tìnnì. Àwọn ọmọ ń ki ẹ̀wà bọ imú, á sì wú síbẹ̀. Bátìrì pẹlẹbẹ tí ó rí róbótó bí owó ẹyọ, tí ó ń wà nínú rìmóòtù àti nínú nǹkan ìṣeré tí ń kọrin, ni ó burú jù. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gidigidi láàárín wákàtí 2, nítorí náà ilé ìwòsàn ńlá ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀ láìdúró wò bóyá yóò yà á jáde. Omi díẹ̀ nínú garawa tó láti mú ẹ̀mí ọmọ lọ. Bí eré omi bá ti parí, kí a da omi náà nù kí a tó dìde níbẹ̀. Ọ̀rá dúdú kì í ṣe ohun ìṣeré. Kí ẹni tí ó bá ń pa aró òyìnbó nílé má ṣe jẹ́ kí ọmọ sún mọ́ ìkòkò rẹ̀ rárá, nítorí sódà tí wọ́n ń lò sí i a máa jó ara àti ojú. Nítorí kí a lè gba ẹ̀mí là, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí pẹ̀lú: bí nǹkan bá há ọmọ tí ó ti lé ní ọdún 1 lọ́fun, tí kò lè wúkọ́, tí kò lè sunkún, ẹ má rọ epo pupa tàbí omi sí i lẹ́nu. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ lu àárín èjìká rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ di ìkúùkù sí òkè ìdodo rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kejì bò ó, kí ẹ sì fà á sínú àti sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ máa pààrọ̀ méjèèjì bẹ́ẹ̀ bí ẹ ti ń ké sí ẹni tí yóò gbé yín dé ilé ìwòsàn. Ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 1 ni a kì í tẹ̀ ní ikùn. Orí apá ni a ń dojú rẹ̀ dé tí a ń lù ú ní ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí a tó yí i padà, kí a sì fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ìpápánu ni ó kù, òun náà sì jẹ́ eré bí a bá pe ọmọ sí i. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti rọ̀ kọjá dòdò ni a fi ń ṣe mọ́sà: kí ọmọ fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ó fi rún ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà nínú abọ́, kí ó bu ìyẹ̀fun díẹ̀ sí i, kí ìyá sì gbà á láti dín in, nítorí òróró gbígbóná kì í ṣe ti ọmọdé. Èmi fẹ́ràn àádùn jù, nítorí lẹ́yìn tí a bá ti yan àgbàdo tí a sì ti lọ̀ ọ́ kúnná, kò nílò iná mọ́. Epo pupa, iyọ̀ díẹ̀, ọwọ́ ọmọ, ó parí. Ọmọ á pò ó títí gbogbo ìyẹ̀fun náà yóò fi pọ́n, á mọ ọ́n ní róbótó tàbí ní gbọọrọ, á sì fi ewé pọ́n ọn fún bàbá rẹ̀ tí ó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Epo pupa ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, èyí tí ojú ọmọ nílò. Ìbẹ́pẹ, máńgòrò àti ànàmọ́ tí inú rẹ̀ pọ́n náà ní in. Ẹ̀wà tí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó yóò di mọ́ínmọ́ín ní ọ̀sán, mo sì ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ọmọ tí ó ń bì í sọnù tẹ́lẹ̀ yóò jẹ èyí tí òun náà bá wọn ṣe. Ẹyin sísè tí ọmọ bó fúnra rẹ̀, wàrà tí a ti sè dáadáa, àgbàdo sísè tí a yọ lára ṣùkù, ọ̀pẹ̀ òyìnbó gígé wẹ́wẹ́: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò sí ní Bódìjà tàbí Ọjà Ọba ní ìgbà tirẹ̀. Omi sobo tí a kò fi ṣúgà sí, tí a fún ọsàn mímu díẹ̀ mọ́, kò ní ṣúgà tó ti ẹlẹ́rìndòdò.

Ẹ má fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5 ní ẹ̀pà odidi tàbí gúgúrú, bí ó ti wù kí ó sunkún tó. Ẹ lọ ẹ̀pà náà kúnná kí ẹ sì fi tín-ín-rín pa á lára búrẹ́dì, kí ẹ máa wò ó dáadáa ní ìgbà àkọ́kọ́ bóyá ara rẹ̀ kò gbà á. Ẹ yọ hóró inú àgbálùmọ̀. Ẹ gé kúkúmbà àti kárọ́ọ̀tì ní ọ̀gbọọrọ, kì í ṣe ní róbótó. Oyin kò yẹ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 1, bí ó ti wù kí ó jẹ́ ojúlówó tó. Kí ọmọ jókòó jẹun. Ọmọ tí ń sáré kiri pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu ni nǹkan sábà máa ń há lọ́fun.

Ẹnìkan yóò sọ pé ta ló ráyè. Mo gbà pé ìyá tí ó ń jí lọ sí ọjà ní ìdájí kò lè jókòó po ìyẹ̀fun ní ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó tẹ̀lé e lọ sí ìsọ̀ lè máa já ẹ̀fọ́ kúrò lára igi rẹ̀, ó lè máa ya àkísà ańkárá tí télọ̀ gé dànù sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ wọn, ó sì lè máa to ìdérí ike ńlá jọ ní ìpele-ìpele. Ní ọjọ́ Àìkú, bàbá wà nílé. Ìyá àgbà wà nínú ọ̀pọ̀ agboolé, a kò sì ní iṣẹ́ mìíràn tí ó dùn mọ́ wa tó èyí. Bí ilẹ̀ bá dọ̀tí, gbogbo wa ni a óò jọ gbá a, àti ọmọ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ kékeré tirẹ̀.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Ẹ̀bẹ̀ àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, tí wọ́n ń ṣètò lẹ́sìn ìsinmi fún ọmọ ọdún 3, tí wọ́n sì ń di iṣẹ́ àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ lé e lọ́wọ́ lọ sí ilé. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè wa, nínú àtúnṣe ti ọdún 2004, sọ ọ́ kedere pé eré ni kí ọ̀nà pàtàkì tí a óò máa gbà kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sì fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti sinmi àti láti ṣeré. Bí àwọn òbí bá tẹnu mọ́ ọn pé iṣẹ́ kíkọ ni àwọn fẹ́, kí àwọn olùkọ́ ní ìgboyà láti ṣàlàyé fún wọn pé ọwọ́ tí kò tí ì lè fún aṣọ kò tí ì tó pẹ́ńsù dì mú.

Ẹ̀bẹ̀ kejì dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ̀yin Olóòtú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi igun kékeré kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nínú ìwé ìròyìn yín láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìsinmi títí ilé ìwé yóò fi wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, kí àwọn ìyá, àwọn bàbá àti àwọn olùkọ́ máa kọ eré kan àti ìpápánu kan ránṣẹ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí ọmọ tí ó yẹ fún àti ewu tí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá, kí ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ lè rí i kà sókè ní àárín agboolé. Bí ẹ bá gbà, ti àádùn ni èmi yóò kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ìwọ̀n àgbàdo àti epo rẹ̀, mo sì ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ mi tí a jọ fẹ̀yìn tì sọ ọ́ pé kí wọ́n múra tiwọn sílẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá Àgbà kan, olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi tó ti fẹ̀yìn tì,
Òkè-Àdó, Ìbàdàn.